Bí Abẹ Tó Ń Gbá Òjò Dídì Kò Ṣe Ní Hú Ọ̀nà Olókùúta Wẹ́wẹ́

Ọ̀nà àbáwọlé olókùúta wẹ́wẹ́ ni ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà láti títì dé ẹnu ilé, tí wọn kò da ọ̀dà sí, tí wọn kò sì fi kọnkéré ṣe. Òkúta tí ẹ̀rọ fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sórí ilẹ̀, tí wọ́n wá tẹ̀ mọ́lẹ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìgbèríko àríwá Amẹ́ríkà, láti Maine àti Vermont títí dé Michigan àti Minnesota, ó sì pọ̀ ní Kánádà, níbi tí ilé ti máa ń jìnnà sí títì débi pé owó ọ̀dà á ju agbára onílé lọ. Ní Vermont, ó ju ìdajì ọ̀nà ìpínlẹ̀ náà lọ tí kò ní ọ̀dà rárá. Bí òtútù bá dé, òjò dídì a bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n á sì ní láti gbá a kúrò kí ọkọ̀ tó lè wọlé tàbí jáde.

Ohun tí wọ́n fi ń gbá a ni abẹ: irin fífẹ̀ tó tẹ̀ síwájú díẹ̀, tí wọ́n ń so mọ́ iwájú píkọ́ọ̀pù, katakata kékeré tàbí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gùn bí alùpùpù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé abẹ kò mọ òjò dídì yàtọ̀ sí òkúta. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ tó rọ̀, á bu ilẹ̀ jẹ, á kó òkúta mọ́ òjò dídì, á sì da gbogbo rẹ̀ sórí koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí òjò dídì bá yọ́ tán ní oṣù Kẹrin, inú koríko ni wọ́n á ti máa ṣa òkúta, ẹrẹ̀ ni yóò sì kù lójú ọ̀nà.

Awakọ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, tàbí kí wọ́n ní abẹ náà kò dára. Àṣìṣe tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ kí awakọ̀ tó dé: òun ni èrò pé iṣẹ́ kò tíì parí àfi bí ilẹ̀ bá hàn. Ẹni tó dàgbà sí ibi tí katakata ti ń tẹ́ ọ̀nà yangí tilẹ̀ lè rò pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì, bẹ́ẹ̀ katakata yẹn, wọ́n ṣe é kó lè ha ilẹ̀ ni. Lórí títì ọlọ́dà, ó dára kí ilẹ̀ hàn. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹni tó gbá a títí ilẹ̀ fi hàn ti gbá a kọjá ààlà. Ó yẹ kí òjò dídì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5 ṣẹ́ kù sílẹ̀, kó le, kó sì di ojú ọ̀nà fún gbogbo ìgbà òtútù. Bàtà abẹ, páìpù, ọgbọ́n ọwọ́ awakọ̀, nítorí kí ìyẹn lè ṣeé ṣe ni gbogbo wọn ṣe wà.

Ohun tó wà lábẹ́ òjò dídì

Ọ̀nà olókùúta tí wọ́n ṣe dáadáa ní ìpele. Òkúta ńláńlá ló wà nísàlẹ̀, kí omi lè ráyè gba àárín wọn lọ. Òkúta kéékèèké ló wà lókè, tí èyí tó tóbi jù nínú wọn kì í sábà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú òkúta tó dà pọ̀ mọ́ wọn. Etí òkúta tí ẹ̀rọ fọ́ máa ń mú, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n há mọ́ ara wọn. Lẹ́búlẹ́bú a sì dí àlàfo tó kù. Òkúta odò tó rí roboto kì í há mọ́ra. Ńṣe ló ń yí, abẹ tó fúyẹ́ pàápàá lè tì í lọ. Ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta odò ṣe ló ń dá onílé lágara jù nígbà òtútù, kò sì sí ohun èlò kan tó lè yanjú rẹ̀ tán.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí àárín ọ̀nà ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, kí omi má baà dúró lójú rẹ̀. Àǹfààní ni èyí nígbà òjò, ṣùgbọ́n ó ń dá ìṣòro kan sílẹ̀ fún abẹ.

Ìdí tí abẹ fi ń bu ilẹ̀ jẹ

Abẹ píkọ́ọ̀pù lè wúwo ju 300 kìlógíráàmù lọ. Gbogbo ìwúwo yẹn ló ń wá sórí irin pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀ rẹ̀, tó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 péré. Irin pẹlẹbẹ yìí ni ẹnu abẹ. Bóòtì ni wọ́n fi dè é mọ́ abẹ, kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ bó bá jẹ tán.

Bí ẹnu abẹ ṣe dojú kọ ilẹ̀ ló ń pinnu bóyá yóò wọlẹ̀ tàbí yóò yọ̀ kọjá. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè mọ èyí dáadáa: bó bá fi ẹnu ọkọ́ sọlẹ̀, ọkọ́ a wọlẹ̀, bó bá dojú ọkọ́ dé, tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ ilẹ̀, ńṣe ni ilẹ̀ á kàn máa tẹ́jú. Abẹ tó ń lọ síwájú, ẹnu ló fi ń kan ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fi ẹ̀yìn rìn, tó ń wọ́ abẹ kan náà tẹ̀ lé ara rẹ̀, ẹ̀yìn ẹnu abẹ ló ń fara nu ilẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hú nǹkan kan.

Síbẹ̀, ipò tí ilẹ̀ wà ló ju gbogbo èyí lọ. Bí omi tó wà láàárín òkúta àti lẹ́búlẹ́bú bá dì, gbogbo rẹ̀ a lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, ariwo lásán sì ni abẹ irin á máa pa lórí rẹ̀. Nínú oṣù Kìíní ní Minnesota, ẹni tó ń gbá ọ̀nà olókùúta lè má mọ̀ pé orí òkúta lòun wà. Oṣù Kọkànlá àti Kejìlá ni ìbàjẹ́ máa ń ṣẹlẹ̀, àti oṣù Kẹta sí Kẹrin, nígbà tí òjò dídì ń rọ̀ tí ilẹ̀ kò sì dì.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tètè gbà gbọ́: òjò dídì fúnra rẹ̀ ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òtútù. Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, ooru inú ilẹ̀ kì í sì í tètè rí ọ̀nà gba inú afẹ́fẹ́ yẹn jáde. Bí òjò dídì tó jinlẹ̀ bá ṣáájú òtútù líle, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lè rọ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó ti wù kí ìta tutù tó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjì tó gba orí adágún Erie wá da òjò dídì tó tó mítà 2 sí Orchard Park, nítòsí Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Irú òjò dídì bẹ́ẹ̀ tó bá bọ́ sórí òkúta tí kò tíì dì, pańpẹ́ ni fún ẹni tó bá sọ abẹ rẹ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n bá ń gbá déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń dì jinlẹ̀ ju koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí pé aṣọ òjò dídì tó bò ó kò nípọn.

Bí ìgbà ìrúwé bá ń bọ̀, òkè ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ́. Ìsàlẹ̀ ṣì dì gbagidi, omi kò ríbi sọ̀ kalẹ̀ sí, òkè a wá di ẹrẹ̀. Àwọn ará Vermont àti Maine máa ń dápàárá pé ìgbà ẹrẹ̀ yìí ni ìgbà karùn-ún nínú ọdún wọn. Abẹ tó bá kan òkúta lásìkò yìí, bíi pé wọ́n fi ṣọ́bìrì bù ú ni.

Kí ilẹ̀ tó dì

Kòtò àti òkìtì tó bá wà lójú ọ̀nà ní oṣù Kẹwàá yóò wà níbẹ̀ títí di oṣù Kẹrin, nítorí bí wọ́n ṣe wà ni wọ́n á ṣe dì. Òkìtì tó ti dì á gbá abẹ mú. Kòtò á gbé táyà iwájú mì, abẹ á sì bá a lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú òtútù: kí wọ́n dí kòtò, kí wọ́n dá àárín ọ̀nà padà sí gíga tó yẹ, kí wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀ lára. Ẹni tó da òkúta tuntun sílẹ̀ nígbà tí òjò dídì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí kò tẹ̀ ẹ́, ti ra ẹrù fún abẹ rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń ri ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àmì tó ń tàn bí iná ọkọ̀ bá mọ́lẹ̀ sí i mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, àti síbi tí òkúta ńlá tàbí páìpù omi bá wà. Bí òjò dídì bá bo gbogbo ilẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀nà parí sí tí koríko ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tó bá sì ti dì kò ní gba ọ̀pá mọ́.

Bàtà abẹ

Bàtà abẹ ni irin méjì tí ìsàlẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, tó wà lẹ́yìn abẹ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn ló ń fara kan ilẹ̀ dípò ẹnu abẹ. Wáṣà ni wọ́n fi ń ṣètò wọn: bí wáṣà tó wà láàárín bàtà àti ibi tó kì bọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni bàtà á ṣe yọ sísàlẹ̀ tó, tí ẹnu abẹ á sì ga tó.

Láti ṣètò rẹ̀, wọ́n á gbé ọkọ̀ sórí kọnkéré tó tẹ́jú, wọ́n á fi pákó tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sábẹ́ ẹnu abẹ lápá méjèèjì, wọ́n á sì sọ abẹ kalẹ̀ sórí pákó náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa bàtà wálẹ̀ títí yóò fi kan kọnkéré, tí wọ́n á sì dè é pinpin. Bí wọ́n bá yọ pákó kúrò, gíga tí pákó fi sílẹ̀ ni abẹ á máa fi ré orí òkúta kọjá. Bàtà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, apá kan abẹ á máa ha ilẹ̀. Òkúta sì máa ń jẹ bàtà kíákíá. Ètò tí wọ́n ṣe ní oṣù Kọkànlá kò dájú mọ́ ní oṣù Kejì.

Àwọn kan gbà pé ẹni tó ti ní bàtà lára abẹ kò ní ìṣòro mọ́. Bẹ́ẹ̀ bàtà kéré. Lórí ilẹ̀ tó rọ̀, ìwúwo tó wà lórí irin kékeré méjì á tẹ̀ wọ́n rì, ẹnu abẹ á sì bá ilẹ̀ pàdé bí ẹni pé bàtà kò sí. Nítorí náà ni àwọn mìíràn ṣe ń lo bàtà tó fẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé abẹ ga ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, kí wọ́n sì máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń dì. Gíga tó wà láàárín ọ̀nà tún ní tirẹ̀: ẹ̀gbẹ́ tó lọ sílẹ̀ ni bàtà wà, àárín abẹ sì ń kọjá lórí ibi tó ga jù. Bàtà lè máa yọ̀ lọ ní tirẹ̀ kí àárín abẹ máa hú òkúta. Kí wọ́n gbá ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ló dára, kí ọkọ̀ àti abẹ lè jọ dà sí ibi tí ọ̀nà dà sí.

Páìpù àti rọ́bà

Àwọn tó ń lo katakata kékeré tàbí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní ọgbọ́n mìíràn tí kò wọ́n, tó sì ṣeé gbọ́kàn lé ju bàtà lọ lórí òkúta. Wọ́n á wá páìpù irin tàbí ti oníke tó nípọn, tí gígùn rẹ̀ bá ti abẹ mu, wọ́n á là á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á ki ẹnu abẹ bọ ibi tí wọ́n là, wọ́n á sì fi bóòtì dè é kó má baà yọ. Ẹnu mímú ti di ohun roboto nìyẹn. Bó bá pàdé òkúta tó yọrí, á gun orí rẹ̀ kọjá. Gbogbo gígùn páìpù ló sì ń pín ìwúwo abẹ, kì í ṣe ibi kéékèèké méjì péré.

Oníke máa ń fọ́ bí òtútù bá le, ti irin ló ń pẹ́. Páìpù kò sì lè ha yìnyín tó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí àwọn kan kà sí àbùkù. Lórí òkúta, àǹfààní gan-an ni. Fún abẹ ńlá orí píkọ́ọ̀pù, ẹnu rọ́bà tàbí ti oníke líle wà tí wọ́n lè fi pààrọ̀ ẹnu irin. Rọ́bà máa ń tẹ̀ bó bá kan òkúta, á fò ó, á sì padà sípò. Ó lè fi òjò dídì tó ti ki sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé kó kó o tán.

Bí wọ́n ṣe ń gbé abẹ sókè àti sílẹ̀

Ẹ̀rọ háídírọ́líìkì ló ń gbé abẹ píkọ́ọ̀pù. Ó ní ipò kan tí abẹ kò sí lábẹ́ ìdarí ẹ̀rọ mọ́: ìwúwo rẹ̀ nìkan ló ń mú un jókòó sílẹ̀, á sì máa bá ilẹ̀ gòkè, á máa bá a sọ̀ kalẹ̀. Ipò yìí ló yẹ bí bàtà tàbí páìpù bá ti wà lára abẹ. Àwọn abẹ kan wà tó lè fi agbára ẹ̀rọ ti ara wọn mọ́lẹ̀. Títì ọlọ́dà tó ní yìnyín ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, lórí òkúta, kí wọ́n pa á ni.

Awakọ̀ mìíràn fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ gbé abẹ sókè díẹ̀ bó ti ń lọ, láìsí bàtà kankan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ lè ṣe é, ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ ni abẹ so mọ́: bí táyà iwájú bá wọ kòtò, abẹ tó wà níwájú táyà á lọ sílẹ̀ kí ọwọ́ awakọ̀ tó dé ibi tó máa tẹ̀. Lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, okùn wíńṣì ló ń gbé abẹ. Àwọn kan ń fi ṣéènì kúkúrú so abẹ mọ́ ara ọkọ̀, kó má baà lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n fẹ́, bí okùn tilẹ̀ dẹ̀.

Ó yẹ kí a ya sípíríǹgì ẹ̀yìn abẹ sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí abẹ bá kọlu ohun tó le, sípíríǹgì á jẹ́ kí gbogbo abẹ, tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan, ṣẹ́ sẹ́yìn, kó sì padà sípò. Ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló ń dáàbò bo ọ̀nà. Abẹ àti ọkọ̀ ló ń dáàbò bò. Òkúta wẹ́wẹ́ tó rọ̀ kò ní agbára tó lè mú kó ṣẹ́. Abẹ á ti kó o lọ kí sípíríǹgì tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Òjò dídì àkọ́kọ́

Ohun tó ń gba ọ̀nà olókùúta là jù kò ní owó nínú, ohun tó sì ṣòro jù fún onílé láti gbà nìyẹn: kí wọ́n má gbá òjò dídì àkọ́kọ́. Bí kò bá jinlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, kí wọ́n fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní gbogbo fífẹ̀ ọ̀nà, kì í ṣe ipa táyà méjì nìkan. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fún jáde, á ki, òtútù òru á sì mú un le. Láti ọjọ́ náà, abẹ ti ní ilẹ̀ mìíràn tó ń rìn lé, òkúta sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń yọ bàtà kúrò nígbà tí ìpele yìí bá ti le tán.

Ìpele yìí ń yọ̀, kò sí àní-àní. Iyọ̀ sì ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ nà sí. Iyọ̀ á sọ òjò dídì di omi, omi iyọ̀ á wọ inú òkúta lọ, kò sì ní tètè dì mọ́. Ilẹ̀ tí òtútù ti mú le lọ́fẹ̀ẹ́ á padà rọ̀, abẹ tó bá tẹ̀ lé e á sì hú u. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí òtútù bá ti kọjá -9°C, iyọ̀ táwọn ènìyàn ń dà sójú ọ̀nà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Iyanrìn tó ń ha ọwọ́, tàbí òkúta kéékèèké irú èyí tó wà lójú ọ̀nà náà, ló yẹ kí wọ́n fọ́n sí i. Bó bá yọ́ tán, ọ̀nà ti gba ohun tí wọ́n fọ́n nìyẹn.

Lójú iṣẹ́

Ìwọ̀nba eré ló yẹ. Abẹ tó ń sáré á máa fò, ibi tó bá bọ́ sí ló máa gbẹ́. Ibi tí abẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kòtò sábà máa ń wà, nítorí náà kí ọkọ̀ ti máa rìn díẹ̀díẹ̀ kí abẹ tó kan ilẹ̀, kó má ṣe já lulẹ̀ gbì. Iwájú gáréèjì jẹ́ ibi tí wọ́n á ti fi ẹ̀yìn rìn: wọ́n á sọ abẹ kalẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n á wọ́ òjò dídì náà kúrò níbẹ̀, wọ́n á wá yípo, wọ́n á sì tì í lọ.

Òjò dídì tí wọ́n bá tì, kó jìnnà sí etí ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí òkìtì rẹ̀ máa ń dì, ọ̀nà á sì máa dín kù ní fífẹ̀ títí abẹ kò fi ní ríbi gbà mọ́. Kí wọ́n má sì kó o jọ sí apá òkè ọ̀nà. Bó bá ń yọ́, ojú ọ̀nà ni omi rẹ̀ á gbà kọjá, á sì gbé lẹ́búlẹ́bú tó so òkúta pọ̀ lọ.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ òjò dídì dànù náà ní bàtà, òfin kan náà ló sì dè é, àfi pé ewu tirẹ̀ ju ti ọ̀nà lọ. Òkúta tó bá kó sínú rẹ̀ á fò jáde pẹ̀lú agbára tó lè fọ́ fèrèsé tàbí ojú ènìyàn. Kí wọ́n gbé e ga tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dúró síbi tí ẹnu rẹ̀ kọ sí.

Lẹ́yìn ìgbà òtútù

Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí, òkúta díẹ̀ á ṣì bọ́ sórí koríko. Wọ́n kì í kó o padà nígbà tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ àti táyà á tẹ òkúta rì sínú koríko. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, wọ́n á fi réèkì tàbí ìgbálẹ̀ tó ń yí lára ẹ̀rọ gbá a padà sójú ọ̀nà, kí koríko tuntun tó gùn bò ó. Òkúta nìkan ló ń padà. Lẹ́búlẹ́bú ti bá omi lọ. Bí wọ́n bá kàn tẹ́ òkúta tí wọ́n kó padà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa yí lábẹ́ táyà, kò sì ní há mọ́ra. Wọ́n á ní láti da òkúta tuntun tó ní lẹ́búlẹ́bú nínú lé e, wọ́n á po méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó dé.